Ìyá Tabitha Kò Wọ́n Omi Kankan Sórí Irin

Ẹ̀yin ará Molutehin, ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí n tó tún yí ẹnu padà: Ìyá Tabitha kò wọ́n omi kankan sórí irin. Èmi Jọọlá tí mo ní mo rí i, mi ò rí i. Irọ́ ni mo pa. Ọdún mẹ́fà rèé tí irọ́ yẹn ti wà lẹ́nu yín bí orin ọmọdé, òun lẹ fi lé obìnrin kan kúrò nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ara yín. Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń ka èyí lórí fóònù yín báyìí, àwọn kan ti ń pariwo pé, "A mọ̀ tẹ́lẹ̀!" Ẹ ò mọ nǹkan kan. Ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ ò ní máa pè mí ní Obìnrin Iná, ẹ ò sì ní máa fi mí kọ́ àwọn ọmọ yín pé ẹ wo Jọọlá, ẹ wo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ tó mọṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n lanu lónìí ni iṣẹ́ tí Òkìkí awakọ̀ rán sí mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní Ìyá Tabitha ń ṣàìsàn ní Etikan, irú èyí tí èèyàn kì í sábà dìde nínú rẹ̀, obìnrin náà sì ní inú ilé òun ní Molutehin lòun fẹ́ kú sí. Ó ní àwọn àgbà máa jókòó lé e lórí ní Sátidé, kí n wá, kí n tún un sọ níwájú wọn kí wọ́n lè fi dènà rẹ̀. "Bó o ṣe sọ ọ́ nígbà yẹn gan-an ni kó o sọ ọ́, Jọọlá, má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò." Òkìkí, ṣé ò ń gbọ́ mi? Mi ò ní yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Mo máa fi kún un ni.

Kí àwọn tí wọn ò sí nílé nígbà yẹn lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí Ọ̀gá Sùrájù. Ará Ìsẹ́yìn ni, wẹ́dà ni, kọ́ńpìnnì epo ló gbé e wá sí etídò wa. Nígbà tí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹrù, òun ní òun ò lọ, òun ti rí iṣẹ́ míì. Iṣẹ́ wo? Ó ní ṣé a ò rí bí pùròpẹ́là ṣe ń kán lódò yìí ni? Òótọ́ sì ni. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa, tó bá ti gbá kùkùté tàbí páìpù epo tó wà nísàlẹ̀ odò báyìí, ó kán nìyẹn, ó di kí ẹnì kan wa ọkọ̀ lọ sí Ìgbòkọ̀dá lọ wá òmíràn. Ọ̀gá Sùrájù ní òun á yọ́ èyí tó kán, òun á sì fi rọ tuntun níbí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Olówòkéré, olórí àwọn àgbà wa, bi í pé, "Ìwọ ará òkè yìí, ilé wa dúró lórí igi, ilẹ̀ wa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, ibo lo fẹ́ gbé iná tó ń yọ́ irin lé? Orí ẹ?" Ó dá bàbá lóhùn pé, "Bàbá, orí tèmi gbóná jù, á ba irin jẹ́." Bó ṣe di ọ̀rẹ́ ìlú nìyẹn.

Èmi àti Tabitha ló gbà kọ́ṣẹ́. Àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ pè ní àwọn ò lè jókòó ti iná, àwọn ń dúró de ìgbà tí kọ́ńpìnnì máa pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ni Tabitha láti ìgbà tí a ti ń sáré kiri lórí àfárá pákó níhòòhò, ilé wọn àti ilé wa kọjú síra, ìyá rẹ̀, Rhoda, ló máa ń bu pupuru àti ẹja fún wa nínú abọ́ kan ṣoṣo, tí á ní, "Ẹ jà lé e, ẹni tí ò bá lè jà kó lọ fẹ́ pásítọ̀." Báyìí lobìnrin náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Ó máa ń sọ̀rọ̀ sí àwọn àgbà níwájú ìpàdé, ẹ sì ń dì í sínú. Ẹ má rò pé mi ò ní dé ibẹ̀.

A jọ kọ́ ìléru tí a fi ń yọ́ irin yẹn ni. Orí iyanrìn tí wọ́n dà sẹ́yìn ilé ìwé la gbé e kalẹ̀ sí, ní gbangba, kò sí òrùlé, kò sí ògiri. Sílíńdà gáàsì àtijọ́ kan ni ara rẹ̀. Ọ̀gá ṣí ẹnu sílíńdà náà sílẹ̀ síta fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún ní ká rọ omi kún un dé ẹnu kí òun tó fi ayùn kàn án. Ó ní, "Gáàsì tó kù nínú ẹ̀ ò ju èémí ọmọ tuntun lọ, ṣùgbọ́n èémí yẹn tó sin àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó gé orí rẹ̀, ó fi amọ̀ tó gbé wá láti òkè tẹ́ inú rẹ̀, ó nípọn bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó wá lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ fún páìpù tí iná máa gbà wọlé. Kò sì jẹ́ ká tan nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lamọ̀ yẹn fi gbẹ lábẹ́ páànù, lẹ́yìn náà iná igi díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà gáàsì díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ń kánjú á ní, "Máa kánjú, Jọọlá, àwọn nọ́ọ̀sì náà fẹ́ rí iṣẹ́ ṣe." Ìgò gáàsì tí a ń lò gan-an, ọ̀ọ́kán ló wà, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó dúró ṣánṣán. Láràárọ̀ la máa ń fi ọṣẹ pa ara rọ́bà rẹ̀. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Bébà tó ń jó la máa ń kọ́kọ́ fi sẹ́nu ihò ká tó ṣí gáàsì, a kì í ṣí gáàsì tán ká tó máa wá ìṣáná. Tí iná bá kú lójijì, a ó ti gáàsì, a ó sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí gáàsì wúwo, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí bí ajá, ó ń dè ọ́. Bàtà aláwọ tó ga dé orúnkún, ṣòkòtò òwú tó nípọn, awò tó bo gbogbo ojú. Korobá iyanrìn gbígbẹ ló wà nítòsí wa, kì í ṣe korobá omi.

Omi yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní láti ọjọ́ tí a ti da omi kúrò nínú sílíńdà yẹn ni iṣẹ́ omi ti parí níbẹ̀. Irin tó ti yọ́, tí ẹ̀kán omi bá kó sábẹ́ rẹ̀, omi á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ju gbogbo irin náà sójú ẹni tó dúró tì í. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ odò, ohunkóhun tó bá ti ń jó, omi lẹ máa ń jù sí i. Ẹ gbàgbé ìyẹn lọ́dọ̀ mi." Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló wá burú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ mọ̀ pé omi odò ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu kí ara rẹ̀ lè tutù. Àwọn ihò tóóró wà nínú rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. Tó bá ti gbó, iyọ̀ àti ẹrẹ̀ á dí ihò náà níwájú, á dí i lẹ́yìn, omi á wá wà láàárín, o lè sá a sóòrùn oṣù kan, omi yẹn wà níbẹ̀. Torí náà, òfin Ọ̀gá ni pé a gbọ́dọ̀ fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ká wo gbogbo ihò rẹ̀, ká tò ó sórí ìdérí ìléru títí tó fi máa gbóná dáadáa, ìgbà yẹn ló tó lè wọ apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ, apẹ̀rẹ̀ onírin tí a yà sọ́tọ̀ fún irin tó ti gbẹ. Ohun tó bá ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ, ẹnikẹ́ni ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, sínú ìkòkò inú ìléru ló ń lọ. Èmi lẹni tó ń fọ́ irin. Tabitha lẹni tó ń kó o sínú ìkòkò, tó sì ń dà á sínú móòdù tó ń fún pùròpẹ́là ní ìrísí rẹ̀. Ẹ rí i? Ẹ̀mí Tabitha wà lọ́wọ́ mi láràárọ̀, ó sì máa ń kọrin.

Ẹ ó béèrè pé kí ló ṣe mí. Kò ṣe mí ní nǹkan kan! Lọ́jọ́ kan, a ń jẹun ọ̀sán, Ọ̀gá ní tí òun bá padà sí Ìsẹ́yìn, Tabitha lòun máa fi ẹ̀mú lé lọ́wọ́, Jọọlá á máa ràn án lọ́wọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?" Ó ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ Tabitha kì í gbọ̀n. Ìwọ, ẹnu ẹ ló ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ ẹ lọ." Tabitha rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tún bu ẹja sí i. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ń kọrin, ó máa ń dà bíi pé èmi ló ń fi kọrin. Tó bá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi gbé omi mímu wá," màá gbọ́ ọ bí ìgbà tí ọ̀gá bá ń rán ọmọ iṣẹ́. Ìlara ni, kò ní orúkọ míì. Mo ti gbìyànjú láti fún un lórúkọ míì fún ọdún mẹ́fà.

Ó wá kan Ọjọ́bọ̀ yẹn. Pùròpẹ́là ńlá àkọ́kọ́ la fẹ́ rọ, ti ọkọ̀ Òkìkí tó ń ná Ode Ugbo. Bàbá Olówòkéré ní òun ń bọ̀ wá wò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ìlú. Òkìkí fúnra rẹ̀ ló gbé irin wá, ẹ́ńjìnnì kan tó yọ láti ìsàlẹ̀ odò, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Láàárọ̀, Ọ̀gá àti Tabitha lọ gbé móòdù, èmi ń fọ́ irin. Mo fọ́ ìkíní, mo fọ́ ìkejì. Mo gbé ìkẹta, ó tó orí ọmọdé, mo mì í létí mi. Ó dún. Omi wà nínú rẹ̀ bí omi inú àgbọn. Mo gbé òòlù sókè. Mo wá ń gbọ́ orin Tabitha bọ̀ láti ọ̀nà ibi àfárá, mo sì gbé òòlù kalẹ̀. Mo bu eérú, mo fi pa irin náà lára kó lè jọ èyí tó ti jókòó lórí iná, mo ki í bọ inú apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ, mo to àwọn tó gbẹ lóòótọ́ lé e lórí. Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Mo rò pé á kàn ta díẹ̀, Tabitha á ké, á ju ẹ̀mú sílẹ̀ níwájú ìlú, wọ́n á ní ọwọ́ tí kì í gbọ̀n náà rèé. Ẹ ò rí i? Irọ́ tún nìyẹn o. Ọ̀gá ti sọ ohun tó máa ń ṣe fún wa, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì gbé e síbẹ̀.

Ọwọ́ mi ṣì dúdú fún eérú nígbà tí Ìyá Tabitha dé, ó gbé abọ́ omi lérí. Ẹ mọ àṣà wa. Ọkọ̀ tuntun, ẹ́ńjìnnì tuntun, kò ní wọ odò kí ìyá àgbà kan tó bu omi odò sí i lára, kí omi lè mọ̀ ọ́n, kó má baà gbé e mì bí àjèjì. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àfárá láàárọ̀ yẹn lẹ rí abọ́ yẹn. Ó ní, "Jọọlá ọmọ mi, níbo ni bàbá oníná yín wà? Mo bu omi wá kí omi lè mọ iná yín." Mo sáré dìde, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e súnmọ́ ibí. Ọ̀gá ò gbọdọ̀ rí omi níbí." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ará òkè! Ó ń sùn lórí omi, ó ń jẹ ẹja inú omi, ó ń bẹ̀rù omi! Kò burú, ilé onílé ni." Ó yí padà, ó lọ sí etí odò, ó da omi náà padà síbi tó ti bu ú. Gbogbo rẹ̀. Mo ń wò ó. Ìka rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tó tutù, ó wá bá mi, ó fi ìka yẹn pa mí níwájú orí, ó ní, "Ó kúkú jẹ́ ìwọ ni mo bá. Omi ti mọ̀ ọ́. Kò ní sọ ẹ́ nù." Irin yẹn wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Omi ń ṣàn bọ̀ wá sí imú mi. Mo ní, "Àmín, Màmá." Ẹ bá mi wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Àyè ṣì wà nígbà yẹn o. Ọ̀sán ò tíì pọ́n. Mo lè yọ irin náà kí n sì fọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo nu ojú mi ni.

Nígbà tí àwọn èèyàn pé, alumíníọ̀mù ti yọ́ dé ìdajì ìkòkò, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Bàbá Olówòkéré jókòó sórí àga, ó jìnnà díẹ̀, Òkìkí ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín pé tí pùròpẹ́là òun bá jáde, òun á fò kọjá lórí omi dé Ode Ugbo, ẹni tó bá ń bẹ̀rù kó lọ fẹsẹ̀ rìn. Tabitha ń fi ẹ̀mú kó irin láti inú apẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èmi sún sẹ́yìn. Ó ní, "Jọọlá, wá wò ó, ó ti ń kún!" Mo ní mò ń bọ̀. Mo sún sẹ́yìn sí i. Ó wá gbé èyí tó tó orí ọmọdé. Ọ̀gá wo irin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Dúró!" ṣùgbọ́n irin ti ń sọ̀ kalẹ̀, ló bá fi èjìká gbá Tabitha dànù, ó bọ́ sí ibi tí Tabitha wà. Mi ò lè sọ ìró yẹn fún yín, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, ẹyẹ etídò fò dìde dé ọ̀nà Etikan. Irin yíyọ́ fọ́n lọ sókè, ó sì padà bọ̀ bí òjò. Ó ya awò ojú Ọ̀gá sí méjì. Ó gba ojú rẹ̀ méjèèjì, ó gba apá rẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀kan bọ́ sí ọrùn Tabitha, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ẹ̀yin akọni, ẹ ń bẹ́ sódò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀gá wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, kò pe ìyá rẹ̀, kò pe Ọlọ́run, ohun tó ń pariwo ni, "Gáàsì! Ẹ ti gáàsì!" Tabitha, pẹ̀lú ọrùn tó ń jó, ló fàyà fà dé ìdí ìgò gáàsì tó sì tì í. Ìdí tí ilé ìwé yín fi ṣì dúró nìyẹn. Èmi wà lẹ́yìn igi.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń gbé Ọ̀gá lọ sí Ìgbòkọ̀dá, èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó bi mí pé, "Jọọlá, ṣé o fọ́ èyí tó gbẹ̀yìn?" Mo ní, "Mo fọ́ ọ, sà." "O mì í, kò dún?" Mo ní, "Kò dún, sà." Ó wá ọwọ́ mi kiri títí tó fi rí i mú, ó ní, "A dúpẹ́. Mo ti ń rò ó pé ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ mi ló ṣe mí báyìí." Àwọn ẹbí rẹ̀ wá gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, kò ríran mọ́, ó sì kú lọ́dún tó kọjá. Ó kú pẹ̀lú ọpẹ́ yẹn.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Òkìkí pa ẹ́ńjìnnì láàárín odò, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa léfòó. Àwa méjì péré. Ó ní, "Mo rí ẹ láàárọ̀. Ò ń fi eérú pa irin lára. Mo rò pé iṣẹ́ ni." Mo wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Má bẹ̀rù. Èmi náà ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi mí pé níbo ni mo ti yọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ti kọ́ńpìnnì ni, èmi ni mo jí i rì sódò, èmi náà ni mo tún wú u. Tó o bá dákẹ́, màá dákẹ́." Mo ní, "Wọ́n á béèrè ibi tí omi ti wá." Ó rẹ́rìn-ín. Òkìkí, o rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Ṣé Rhoda ò gbé omi kọjá láàárọ̀ ni? Gbogbo ìlú ló rí abọ́ lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ibi tó dà á sí, àfi ìwọ. Ìwọ ṣáà sọ ibi tó dà á sí."

Mo sì sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, níwájú ilé Bàbá Olówòkéré, mo ní mo rí Ìyá Tabitha tó wọ́n omi sórí irin inú apẹ̀rẹ̀, mo ní mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, mo ní ó tì mí dànù. Ẹ gbà á kíá! Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún Ọ̀gá. Ẹ ti ń wá ohun tí ẹ máa fi pa obìnrin yẹn lẹ́nu mọ́ tipẹ́, èmi ni mo gbé e wá fún yín nínú àwo. Tabitha dìde pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi di ọrùn rẹ̀, ó ní, "Jọọlá, wò mí lójú." Mo wo àga. Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Àwa tí a mọ ẹnu rẹ̀, a rò pé á fọ́ gbogbo ilé. Ó kàn wá dúró níwájú mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú, ó ní, "Jọọlá ọmọ mi, omi tó kù lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iwájú orí ta ni mo fi pa?" Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rò pé ó ti ń ṣiwèrè. Èmi mọ ohun tó ń béèrè. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún mi ni. Ká ní mo dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì péré, gbogbo rẹ̀ ìbá ti parí. Mo ní, "Màmá, mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ." Bàbá Olówòkéré ní kí n búra. Mo bu omi odò, mo ní tí mo bá purọ́, kí omi yìí má mọ̀ mí mọ́, mo sì mu ún. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe ṣáájú, iná ìlara ló ń jó mi tí mo fi ṣe é. Èyí ni mo fi ọwọ́ tútù ṣe.

Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méje láti kúrò nílùú, wọn ò lò ju méjì lọ. Tabitha gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá, ó gbé awò ojú tirẹ̀ lé orí ìléru, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo máa nílò ẹ̀ jù," ó sì wọ ọkọ̀. Bí ìléru ṣe di tèmi nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń rọ pùròpẹ́là fún yín, kò sì sí èyí tó ta sí ẹnikẹ́ni lára, torí pé irin tó gbẹ gan-an, mo ń fọ́ ọ. Èyí tó ti fọ́, mo tún ń fọ́ ọ. Mi kì í wọkọ̀ lọ jìnnà. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú odò, tí kálukú ń bú awakọ̀, èmi máa ń mú etí ọkọ̀ dání, mo mọ ohun tí mo mu.

Torí náà, Bàbá Olówòkéré, ẹ má retí mi ní Sátidé. Ẹ kó àwọ̀n tí àwọn ọmọ yín ń sá sínú ilé obìnrin yẹn kúrò, kí ẹ gbá ilé náà, ilé rẹ̀ ló ń bọ̀. Òkìkí, ìwọ lọ sọ tìrẹ fúnra ẹ, tàbí kó o sá, mi ò bìkítà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo ti ti gáàsì, mo ti yọ rẹ́gúlétọ̀ orí ìgò rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má tan nǹkan kan títí Tabitha á fi dé, tó bá máa dé. Òun lẹ̀mú tọ́ sí. Tí inú bá ń bí yín sí ẹnì kan, ẹ bá a jà, ẹ bú u, ẹ já abọ́ pupuru gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má gbé e pamọ́ kí ẹ fi eérú pa á lára. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀, àwọn tí mo ṣẹ̀, ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ní àpá lọ́rùn, ọ̀kan wà lórí ẹní. Láàárọ̀ ọ̀la, mo máa wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí Etikan, tí omi bá gbà kí n kọjá. Mo máa kúnlẹ̀ níbi tí ẹní rẹ̀ wà, mi ò sì ní sọ gbogbo èyí tí mo sọ fún yín yìí, kò ní agbára àtigbọ́ ọ. Ìbéèrè tó bi mí ni mo máa dáhùn. Èmi ni, Màmá. Iwájú orí mi ni.